Láti orí ọ̀kadà bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá: ìtọ́ni fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ

Ọdún 26 ni mo fi gun ọ̀kadà nílùú Ìlọrin kí orúnkún òsì mi tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ó tó. Ẹni ọdún 58 ni mí lọ́jọ́ náà. N kò ṣàìsàn, ọkọ̀ kankan kò sì kọ lù mí. Mo kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìpàta láti gbé ìyá kan tó ra agbọ̀n ata kan, ìyá náà gùn ún tán, ọ̀kadà fì sí òsì díẹ̀, mo fẹsẹ̀ tilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ẹsẹ̀ náà kò sì gbé wa ró mọ́. Díẹ̀díẹ̀ la rọra tẹ̀ sílẹ̀ bí ògiri amọ̀ tí òjò ti rin gbingbin. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ṣùgbọ́n ata tú ká ojú títì, èmi ni mo sì san owó rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò bí mo ṣe máa bọ́ sídìí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Mo ti lo ọdún márùn-ún nídìí kẹ̀kẹ́ báyìí, mo sì ti jókòó ti àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ mi bíi mélòó kan nígbà tí àwọn náà ń kọ́ ọ, níbí, ní Òffà àti ní Ọ̀mù-Àrán. Ohun kan náà ni mo rí lára gbogbo wa: ẹni tí kò gun nǹkan kan rí máa ń tètè mọ kẹ̀kẹ́ wà ju ọlọ́kadà ọlọ́jọ́ pípẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí lè dùn létí bí àwàdà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tuntun kò ní ju ẹ̀kọ́ lọ láti kọ́, nígbà tí ọlọ́kadà ní láti kọ́ ẹ̀kọ́, kí ó sì tún gbàgbé ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣe fún ogún ọdún láìbi í léèrè. Ìgbàgbé yìí gan-an ni iṣẹ́, òun ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ tiẹ̀ wo bí a ṣe ń sọ ọ́. Orúkọ kẹ̀kẹ́ náà kò kan ìlú wa: Márúwá wá láti ara Muhammed Buba Marwa, ẹni tó jẹ́ gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, tó kó wọn wọ ìgboro Èkó, NAPEP tí àwọn mìíràn ń pè é sì jẹ́ orúkọ ètò ìgbógunti òṣì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2001, tó pín irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe tí à ń lò kan wá gidigidi. Ọ̀kadà là ń gùn, bí a ti ń gun ẹṣin. Kẹ̀kẹ́ là ń wà, bí a ti ń wa ọkọ̀. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni gun ẹṣin ni yóò dojú rẹ̀ dé.

Ohun tí kẹ̀kẹ́ máa gbà lọ́wọ́ yín, àti ohun tí kò ní gbà

Ẹsẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ máa ń ṣàánú. Ọ̀kadà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó nǹkan bíi 110 kílógíráàmù láìtíì gbé ẹnì kankan, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún ló sì ń gbé e ró nígbàkúùgbà tó bá dúró, pẹ̀lú èrò àti ẹrù tó wà lẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó ń lọ sí 350 kílógíráàmù, àmọ́ ìwọ̀n kan kò kan ẹsẹ̀ yín níbẹ̀, nítorí pé ó dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tí orúnkún, ìbàdí tàbí kókósẹ̀ ń yọ lẹ́nu yóò mọ ìyàtọ̀ yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tó gbà lórí ẹsẹ̀, ó ń dá díẹ̀ padà sórí apá. Ọ̀kadà ń tẹ̀ lé ara ẹni tó gùn ún. Ọwọ́ nìkan ni kẹ̀kẹ́ ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, kòtò tí táyà iwájú bá sì wọ̀, èjìká lẹ máa ti gbọ́ ọ. Ọrùn ọwọ́ òsì ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí òun ló ń fún kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn irin tí à ń fún kí jíà tó lè yí, òun náà ló sì ń yí jíà. Bí ó bá jẹ́ èjìká tàbí ọrùn ọwọ́ ló ń dùn yín, ẹ yá kẹ̀kẹ́ ẹni ẹlẹ́ni wà fún wákàtí méjì kí ẹ tó na kọ́bọ̀ kan.

Kẹ̀kẹ́ kò sì lè ran ojú lọ́wọ́. Mo mọ àwọn tó kúrò lórí ọ̀kadà nítorí pé wọn kò rí kòtò mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n rò pé ẹsẹ̀ kẹta yóò bá wọn rí i. Gíláàsì tó wà níwájú kẹ̀kẹ́ tilẹ̀ tún ń dá kún un, nítorí pé tí òjò bá ti ń rọ̀ tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ sì tan lù ú, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń funfun bálau. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú ná. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti yunifásítì tó wà ní Òkè-Ọsẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń rí sí i. Ẹ bi dókítà léèrè pẹ̀lú bóyá oògùn tí ẹ ń lò ń mú oorun wá, nítorí pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ rọrùn, atẹ́gùn kì í fẹ́ sí yín lójú tó bí ti ọ̀kadà, oòrùn ọ̀sán sì máa ń mú kí ìpéǹpéjú wúwo lẹ́yìn àmàlà.

Ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò ti ṣìnà

Lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ òsì ló ń yan jíà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, ọwọ́ òsì ló ń fún kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọ̀tún ló sì ni iná, ìyẹn ohun tí à ń yí kí eré lè pọ̀, àti bíréèkì iwájú. Nínú kẹ̀kẹ́ Bajaj àti TVS tó kún ojú títì wa, ẹsẹ̀ òsì kò ní iṣẹ́ kankan mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ bíréèkì gbogbo táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọwọ́ òsì á fún kílọ́ọ̀ṣì, á sì yí ọwọ́ tó dì mú gan-an sí nọ́ńbà jíà tí ẹ bá fẹ́. Iná nìkan ló ṣẹ́ kù fún ọwọ́ ọ̀tún. Èyí túmọ̀ sí pé lọ́jọ́ tí ọmọdé bá sáré já sí títì, ìka ọwọ́ ọ̀tún yín yóò na jáde láti wá bíréèkì tó ti ń fà láti ọdún pípẹ́, afẹ́fẹ́ ni yóò sì bá níbẹ̀. Kí ẹsẹ̀ tó rántí pé òun nìkan ló kù, ilẹ̀ ti lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó nínú kẹ̀kẹ́ tí a kò tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ di ojú. Kí ẹnì kan dúró ti yín kó máa pè é: "Bíréèkì! Jíà kejì! Fíríì! Bíréèkì!" Ẹ máa ṣe é títí tí ìka ọ̀tún yóò fi jẹ́ẹ́, tí ẹsẹ̀ òsì yóò sì gbà pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tó. Àwọn ọmọdé lè rẹ́rìn-ín yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Rìfáàsì ní ọ̀pá tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án àfi tí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró pátápátá.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ yí i"

Ọmọ ọdún 23 ló kọ́ mi. Ojú ń ti mí díẹ̀ láti jókòó sẹ́yìn ọmọ tí àbíkẹ́yìn mi jù lọ, ṣùgbọ́n òun ló mọ̀ ọ́n, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n, a sì lọ sí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́. Mo yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì láìsí wàhálà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkàn mi ti balẹ̀, mo wọ jíà kẹta, mo sì fẹ́ gba apá ọ̀tún igi máńgòrò kan kọjá. Ọwọ́ mi ṣe ohun tó ń ṣe láti ọdún 26: ó ti apá ọ̀tún síwájú fẹ́ẹ́rẹ́. Kẹ̀kẹ́ ya sí òsì. Mo tún tì í sí i, nítorí mo rò pé kò gbọ́. Ó tún ya sí òsì sí i. A la àárín ewébẹ̀ tí ìyàwó ọlọ́dẹ ilé-ìwé gbìn kọjá, ọmọ náà sì ń pariwo lẹ́yìn mi pé, "Bàbá, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ yí i! Ẹ yí i!" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tún san owó ohun ọ̀gbìn lẹ́ẹ̀kejì nítorí ohun ìrìnnà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí ọ̀kadà bá ń sáré, kì í ṣe pé à ń yí orí rẹ̀ síbi tí à ń lọ. Ọwọ́ ọ̀tún là ń tì síwájú díẹ̀ kí ó lè tẹ̀ sí ọ̀tún, títẹ̀ yẹn ló sì ń gbé e lọ sí ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bá sì sọ fún wọn wọ́n á jiyàn, nítorí pé ara ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí. Kẹ̀kẹ́ kò lè tẹ̀. Ibi tí táyà iwájú bá kọjú sí ló ń lọ, bẹ́ẹ̀, títi ọwọ́ ọ̀tún síwájú ń kọ táyà náà sí òsì. Àṣìṣe yìí kì í jáde nígbà tí ẹ bá ń rọra lọ, torí pé nígbà tí ọ̀kadà bá ń rọra lọ, àwa náà máa ń yí i ni. Ó ń dúró de ọjọ́ tí eré bá pọ̀, tí ẹ̀rù sì bá yín lójijì, nígbà tí kò sí àkókò láti ronú.

Oògùn rẹ̀ ni pé kí ẹ gbé ògbólógbòó táyà méjì sílẹ̀ ní pápá, kí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tàbí méjìlá wà láàárín wọn, kí ẹ sì máa wa kẹ̀kẹ́ yí wọn ká bí ẹni ń kọ 8. Jíà kìíní ni kí ẹ lò fún gbogbo ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì ẹ lè wọ jíà kejì. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́ bí ẹ ti ń ṣe é: "mo yí i sí ọ̀tún, mo fà á padà". Ọwọ́ tó wà níbi tí ẹ̀ ń lọ ni kí ẹ máa fà sọ́dọ̀ ara yín. Èyí ló yé mi jù nínú gbogbo àlàyé tí mo gbọ́, nítorí pé fífà ni òdì títì, ara sì tètè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹ má jáde sí títì títí tí ẹnì kan yóò fi lè pariwo "Ọ̀tún!" lójijì kí ẹ sì ya sí ọ̀tún láìṣe àṣìṣe ní ìgbà mẹ́wàá léraléra.

Ọ̀rọ̀ dídojúdé ló kàn. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààrò kì í rìn, kò sì sí ààrò tó ń sáré ya kọ̀rọ̀. Táyà kan ló wà níwájú kẹ̀kẹ́, méjì wà lẹ́yìn; iwájú tóóró, ẹ̀yìn fẹ̀. Tí ẹ bá ń ya sí ọ̀tún, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ń sún sí òsì. Tí ẹ bá wá tẹ bíréèkì láàárín yíyà náà, ìwúwo yẹn tún sún síwájú, níbi tí táyà kan ṣoṣo wà tí kò sí ohun tó máa gbé e ró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Igun láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn òsì ni yóò gbà ṣubú. Nítorí náà, ẹ parí bíréèkì títẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ẹ wọ kọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú eré kékeré, kí ẹ sì fún un ní iná díẹ̀ bí ẹ ti ń jáde. Bí ẹ bá rí i pé eré ti pọ̀ jù tí ẹ sì ti wọ̀ ọ́, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó ṣe gbọọrọ tí àyè bá wà, kí ẹ tó tẹ bíréèkì.

Ọ̀tún ló léwu jù. Láti 1972 tí orílẹ̀-èdè wa ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ojú títì, yíyà sí ọ̀tún ló máa ń há, yíyà sí òsì sì máa ń fẹ̀. Táyà ẹ̀yìn òsì ló wá ń gbé ìyà èyí tó pọ̀ jù. Tí ẹ bá gbé èrò kan ṣoṣo, tí èrò náà sì sanra, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó sún sí àárín. Ìwọ̀nba ohun tí ara ọlọ́kadà mọ̀ tó wúlò níhìn-ín ni pé kí ẹ gbé ìdí yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀ ń yà sí. Ó ń ran kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi rọ́pò dídín eré kù.

Ẹsẹ̀ tó fẹ́ jáde

Èyí kò gùn, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹ́ egungun àwọn èèyàn. Ọlọ́kadà tó bá fẹ́ dúró máa ń na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ lè jáde, táyà ẹ̀yìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bọ̀. Ilẹ̀ á mú ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì máa rìn lọ. Kò sí ìdí kankan láti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó dúró, kò sí bí yóò ṣe ṣubú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo ní kí ìyàwó mi bá mi ta aṣọ kan sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi ìjókòó mi, kì í ṣe nítorí òjò, bí kò ṣe kí ẹsẹ̀ mi lè kọ lù ú kí n sì rántí. Bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Ìbú, kòtò àti ọ̀nà tó dagun

Kẹ̀kẹ́ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.3. Ẹni tó ti ń rá pálá láàárín ọkọ̀ ní Ọjà-Ọba fún ọdún gbọọrọ ní àlàfo kan tó mọ̀ lójú, tó máa ń sọ fún un pé "ó gbà mí". Àlàfo yẹn gba iwájú kẹ̀kẹ́, ó sì máa ń tan èèyàn jẹ, nítorí pé ìdí kẹ̀kẹ́ ló ń bọ̀ lẹ́yìn tí yóò ha ara ọkọ̀ ẹlẹ́ni. Ẹ gbé igi méjì sílẹ̀ ní pápá ní ìwọ̀n mítà kan ààbọ̀, kí ẹ máa kọjá láàárín wọn títí tí ojú yóò fi kọ́ ìwọ̀n tuntun. Ní ojú títì gan-an, oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún ara mi pé tí kò bá dá mi lójú, kò gbà mí.

Ti kòtò ni ó ya èmi lẹ́nu jù. Ọ̀kadà ní ipa kan ṣoṣo, ẹ ó yan ibi tó tẹ́jú, ẹ ó sì kọjá. Kẹ̀kẹ́ ní ipa mẹ́ta. Bí táyà iwájú bá yẹ kòtò, ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀yìn lè bọ́ sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi kòtò sáàárín bí onímọ́tò ṣe ń ṣe, táyà iwájú wà ní àárín gan-an, òun ló máa wọ̀ ọ́. Táyà kẹ̀kẹ́ tún kéré, íǹṣì mẹ́jọ ni irin rẹ̀, nígbà tí ti ọ̀kadà jẹ́ 17 tàbí 18, nítorí náà kòtò tí ọ̀kadà máa ń yí kọjá ni kẹ̀kẹ́ máa ń rì sí. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn kan gba inú rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ti iwájú wọ̀ ọ́ láéláé tí ọwọ́ bá wà ní yíyí.

Ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe kí omi lè ṣàn sí gọ́tà máa ń dagun díẹ̀. Ọ̀kadà kì í mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ó ń dúró ṣánṣán láìka bí ilẹ̀ ti rí sí. Kẹ̀kẹ́ á dagun pẹ̀lú ilẹ̀, yóò sì máa fa ọwọ́ yín lọ sí gọ́tà láìdábọ̀. Ẹ kò ní í ka á sí nǹkan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ni èjìká òsì yóò sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà lápá gúúsù Kwara, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, mo ní ọ̀rọ̀ méjì. Tí ó bá jẹ́ ọ̀nà oko tóóró lẹ máa ń bá ọ̀kadà gbà, níbi tí koríko wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí àgbàrá sì ti gbẹ́ àárín, kẹ̀kẹ́ kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ sanwó fún ọmọkùnrin tó ní ọ̀kadà kó máa gbé yín lọ. Èkejì ni ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ajásẹ́-Ìpo gba Òrò lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Tírélà ń gba ibẹ̀. Ara kẹ̀kẹ́ ga, ó fúyẹ́ lókè, atẹ́gùn tí tírélà ń tì síwájú sì lè gbún un lọ sí ẹ̀gbẹ́ lójijì. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀, ẹ di ọwọ́ mú ṣinṣin kí tírélà tó dé ọ̀dọ̀ yín, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti kọjá, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún yín tí kẹ̀kẹ́ lè sún sí.

Tí ẹ bá fẹ́ gbéra ní orí òkè, ẹ fa bíréèkì ọwọ́ tó wà fún ìdúró, ẹ wọ jíà kìíní, ẹ fún un ní iná, kí ẹ tó tú bíréèkì náà sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ fi òkúta há táyà. Lẹ́yìn tí ẹ bá la omi kọjá, ẹ tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, nítorí bíréèkì tó tutù kì í mú.

Èrò ẹ̀yìn tí ẹ kò ní mọ̀ lára mọ́

Lórí ọ̀kadà, èrò fara mọ́ yín lẹ́yìn. Tó bá mira, ẹ mọ̀. Nínú kẹ̀kẹ́, ìyá kan lè ṣì ní ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ kí ẹ sì ti wọ jíà. Ẹ wo dígí, kí ẹ sì béèrè lọ́rọ̀ ẹnu: "Ìyá, ṣé ẹ ti jókòó tán?" Ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn. Ní Ìlọrin tiwa yìí, tí ìborùn àti híjáàbù gígùn pọ̀, tí agbádá sì pọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ rí i dájú pé etí aṣọ kò yọ jáde sẹ́bàá táyà. Ẹ má sì gbé ẹnikẹ́ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín níwájú, bó ti wù kí owó náà dùn tó. Orúnkún rẹ̀ yóò dí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí i dé òpin, ìwúwo rẹ̀ sì wà níwájú gan-an níbi tí kẹ̀kẹ́ ti tóóró.

Rírà rẹ̀

Àlòkù ni èmi rà, mo sì jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀dà òféèfèé tuntun ló wà lára rẹ̀, títí dé abẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, irin ìsàlẹ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ jókòó lé, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáásì, sán lápá ọ̀tún ẹ̀yìn. Nígbà tí mẹkáníìkì mi ha ọ̀dà náà kúrò, a rí i pé wẹ́dà ti jó o síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi kò gbé fóònù mọ́. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá pè mí láti bá ẹnì kan wo kẹ̀kẹ́, abẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò, tí abẹ́ bá sì ní ọ̀dà tuntun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, mo sì gba ọ̀nà ilé.

Ẹ lọ wò ó ní àárọ̀ kùtù kí wọ́n tó tan án, torí ẹ́ńjìnnì tútù kì í lè purọ́. Èéfín tó bá dà bí àwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ fọwọ́ ra ojú táyà iwájú. Tó bá jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, iwájú rẹ̀ kò tọ́. Ẹ gbà á lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ tẹ bíréèkì gbọingbọin nígbà tí eré kò pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó ń fà sí apá kan. Ẹ dán rìfáàsì wò. Ẹ gba ìwé rẹ̀ ní pípé, kí ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ìwakọ̀ láti ṣe ìwé tí ó bá kẹ̀kẹ́ mu kí ẹ tó gbé èrò kankan.

Ní ti hàyá pọ́ṣéèsì, ìyẹn kí a gba kẹ̀kẹ́ ná kí a sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, èrò tèmi ni pé kò burú fún ọ̀dọ́, ó sì yẹ kí àgbà ṣọ́ra fún un. Owó ọ̀sẹ̀ kì í mọ̀ pé òjò rọ̀ tàbí pé ìbàdí ń dun èèyàn. Ẹ ṣírò ohun tí wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ lè mú wá, mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta nírọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí owó ọ̀sẹ̀ náà bá ju èyí lọ, ẹ má buwọ́ lù ú, torí alẹ́ àti oòrùn ọ̀sán lẹ máa fi san án.

Ọ̀kadà tó kù nílé

Ẹ má gun méjèèjì pọ̀ ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Èyí tó dára jù ni pé kí ọ̀kadà ti kúrò nílé kí ẹ tó jáde pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi tèmi sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní bóyá yóò wúlò. Ní oṣù kẹrin, ìyàwó mi ní kí n lọ ra wàrà wá kí àlejò tó dé, mo sì fa ọ̀kadà jáde nítorí pé ọ̀nà kò jìn. Ní kọ̀rọ̀ ilé wa, mo fẹ́ ya sí ọ̀tún. Mo yí i. Mo jókòó gbọnrangandan bí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́, mo sì fa ọwọ́ ọ̀tún sọ́dọ̀ ara mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdún 23 yẹn ti kọ́ mi, ọ̀kadà sì dà sí òsì, sórí orúnkún kan náà. Aládùúgbò kan ló gbé e kúrò lórí mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó wá gbé e lọ sí Gánmọ̀.